Ìbéèrè Yín: Ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, ṣé kí n máa mu mọ́ọ̀tì àti mílíìkì lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Oyún inú mi ti wọ oṣù mẹ́fà, wọ́n wá ní PCV mi (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára) ò ju 27 lọ. Ìyá ọkọ mi ń po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì fún mi láràárọ̀. Tábílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi ní ántínétà ń da inú mi rú, ìgbẹ́ mi sì dúdú kirikiri, ni mo bá pa á tì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ní kí wọ́n fà á sí mi lára bíi díríìpù, pé ìyẹn ló yá jù. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyàwó Ilé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Àbúrò mi, 27 kéré o, ó kéré tán wọ́n fẹ́ kí ti aláboyún tó 33. Ìgbẹ́ dúdú yẹn kì í ṣe àìsàn rárá, iron (èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, òun ló wà nínú tábílẹ́ẹ̀tì yẹn) tí ara ò gbà ló ń bá ìgbẹ́ jáde, má jẹ́ kó já ẹ láyà. Inú tó ń dà rú ni kó o sọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n lè pààrọ̀ irú ẹ̀ tàbí kí wọ́n ní kó o máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, àmọ́ kéèyàn kàn pa á tì láìsọ fẹ́nì kankan, ìyẹn ò dáa.

Wàyí o, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Mi ò bá ìyá ọkọ ẹ jà o (ẹni tó ń jí po nǹkan fún ìyàwó ọmọ ẹ̀ láràárọ̀, ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni), ṣùgbọ́n àwọ̀ mọ́ọ̀tì yẹn ló ń tan gbogbo wa jẹ, ṣúgà ló kún inú ẹ̀, iron inú ẹ̀ ò tó nǹkan, kálísíọ́mù inú mílíìkì sì tún máa ń dínà mọ́ iron tó o bá lò pọ̀ mọ́ ọn, Lipton tá a fi ń sin búrẹ́dì náà ò gbẹ́yìn. Omi ọsàn ni kó o fi lo oògùn ẹ, kó o sún mílíìkì sí ìrọ̀lẹ́. Ùgù dáa, àmọ́ iron inú ẹran àti ẹja rọrùn fún ara láti gbà ju ti ewé lọ, torí náà ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja pọ̀ nínú ẹ̀ sàn fún ẹ ju gàrí Ìjẹ̀bú olómi tútù lọ, mo mọ̀ pé ó dùn.

Ti díríìpù, wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ ní Nàìjíríà níbí, IVON lorúkọ ìwádìí náà, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2024. Wọ́n fa iron sára àwọn aláboyún kan, wọ́n fún àwọn yòókù ní tábílẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí oyún fi ń lọ sópin, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì kéré fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lápá méjèèjì, ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé iron tó wà nípamọ́ lára àwọn tó gba díríìpù pọ̀ jù. Ẹni tí inú ẹ̀ kọ tábílẹ́ẹ̀tì jálẹ̀, tàbí tí ìkúnlẹ̀ ẹ̀ ti dé tán, ni mo rò pé ó wúlò fún jù. Kí wọ́n tún yẹ ibà àti aràn wò lára ẹ o, torí àwọn náà máa ń fa kí ẹ̀jẹ̀ má tó.

Ìbéèrè: SS lọmọ wa, ọmọ ọdún méje. Mo gbọ́ lórí rédíò pé òyìnbó ti rí oògùn tó ń wo fòníkú-fọ̀ladìde sàn. Ìyá kan lọ́jà náà ní tí ọmọ bá mu àgbo orín àta tóun ń tà, krísísì tán nìyẹn. Blood tonic ni mo ṣì ń fún un ná. — Bàbá Ọmọ, Ṣàgámù

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbé blood tonic yẹn sílẹ̀ ná, iron ló sábà ń wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe àìsí iron ló sábà ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn SS kéré, sẹ́ẹ̀lì pupa wọn ló ń tètè bàjẹ́. Tiwa máa ń lò tó 120 ọjọ́, tiwọn kì í sábà ju 10 sí 20 lọ, iron inú èyí tó bàjẹ́ á sì wà lára níbẹ̀, tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí, á tún lé sí i, tó bá sì pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ló máa ń bà jẹ́. Àfi tí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò tó ní iron ò tó. Folic acid àti oògùn tó ń dènà ibà ni wọ́n sábà ń fún wọn.

Òótọ́ lẹ gbọ́ lórí rédíò. Casgevy lorúkọ ìtọ́jú náà, Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní November 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn fúnra ẹ̀, wọ́n á tún jíìnì kan ṣe nínú ẹ̀ kí ara lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tọ́mọ máa ń ní nínú oyún, wọ́n á wá fi kẹ́mò (oògùn líle tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ) pa èyí tó kù nínú mùdùnmúdùn egungun kí wọ́n tó dá a padà sí i lára. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i ní 2023, ọmọ ọdún 12 sókè ló wà fún, owó ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, ẹ má wulẹ̀ ṣírò ẹ̀ sí náírà.

Oògùn tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea lèyí tọ́wọ́ wa lè tó. Wọ́n lò ó fáwọn ọmọ ọdún 1 sí 10 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Uganda, ìwádìí náà jáde ní 2019, ìrora dínkù, ibà dínkù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dínkù, ikú pàápàá dínkù. Kì í wò ó sàn pátápátá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò déédéé torí ó lè fa sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀, nítorí náà ẹ má lọ dá a rà ní kẹ́mísìtì o. OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣàgámù yín níbẹ̀, ẹ gbé e lọ.

Orín àta ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín, Sofowora àti Isaacs kọ ọ́ jáde ní 1971 pé omi gbòǹgbò ẹ̀ ń mú sẹ́ẹ̀lì tó ti ká kọ́rọ́ padà sípò. Àmọ́ inú láàbù nìyẹn o. Ta ló mọ ìwọ̀n tó wà nínú ìgò ìyá ọlọ́jà, àbí nǹkan míì tí wọ́n rì mọ́ ọn? Ẹ máa fi rin ẹnu yín, ẹ má bu àgbo ẹ̀ fọ́mọ.

Ìbéèrè: Dírẹ́bà ni mí, ẹni ọdún 52. Ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, tí mo bá mu tonic á gòkè, á tún wálẹ̀. Mo ní jẹ̀dí-jẹ̀dí. — Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìdáhùn: Tonic ń wọlé lókè, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nísàlẹ̀. Ọkùnrin tó tó yín tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń wálẹ̀ ṣáá, ibi tó ti ń jò ni ká wá. Ó lè jẹ́ jẹ̀dí-jẹ̀dí lóòótọ́, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú látorí oògùn ara ríro tẹ́yin dírẹ́bà ń jẹ bíi gúgúrú, ó sì lè jẹ́ nǹkan tó ń hù nínú ìfun ńlá. Ẹ ní kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú yín, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo páálí oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání lọ.