Ìyàwó mi fẹ́ kí n máa pàṣẹ fún òun lórí ibùsùn: ta ló ni ìpinnu?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Láìpẹ́ yìí ni ó sọ fún mi pé òun fẹ́ kí n máa pàṣẹ fún òun nígbà tí a bá wà lórí ibùsùn, kí n sì máa de òun lọ́wọ́, mo sì gbà. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó tó," mo rò pé eré ni, n kò tètè dúró, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ṣé èmi tí mò ń pàṣẹ ni mo ni ìpinnu? Báwo ni a ṣe lè ṣe é tí kò fi ní pa ẹnikẹ́ni lára?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Irú ìfẹ́ tí ìyàwó yín ní yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní BDSM (eré ìdè àti àṣẹ lórí ibùsùn), kì í ṣe àrùn nígbà tí àgbàlagbà méjì bá fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ kọkànlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹkún ìyàwó yín ló gbà mí lọ́kàn jù.

Ẹni tó ń pàṣẹ kọ́ ló ni ìpinnu. Ibi tí ìyàwó yín bá fọwọ́ sí ni àṣẹ yín mọ, ìgbàkígbà ni ó sì lè gbà á padà, ìbáà jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ohun tó já lé yín léjìká ni pé kí ẹ máa wo ojú rẹ̀, kí ẹ máa fetí sí mímí rẹ̀, kí ẹ sì kó ara yín níjàánu. Ọkùnrin tí kò bá lè dúró lójú ẹsẹ̀ kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fún ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti le jù ní àárín àwa níhìn-ín. Obìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ a máa kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un kí ó tó wọlé ọkọ pé kò gbọdọ̀ já a ní koro. Ẹni tí kì í rí ẹnu sọ pé owó ọbẹ̀ kò tó, báwo ni yóò ṣe rí ẹnu kọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti dè é lọ́wọ́? Owó orí tí ẹ san kò ra ìfọwọ́sí rẹ̀, dídákẹ́ rẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé ó gbà. Nítorí náà, ọ̀sán ni kí ẹ ti sọ ọ́, ní ìjókòó, láìmutí, nígbà tí àwọn ọmọ kò sí nítòsí, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í ní ohun tí ó fẹ́, èyí tí ó lè dán wò, àti èyí tí kò fẹ́ rárá. Ẹ béèrè bóyá ó ní ikọ́ fée tàbí apá tó ń dùn ún. Kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, nítorí pé ẹni tó ń pàṣẹ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Nígbà tí ó bá sì kọ ohun kan, ẹ ṣọ́ ojú yín: bí ẹ bá fajú ro, kò ní sọ òtítọ́ fún yín mọ́.

Ohun tó dà yín rú lọ́jọ́ yẹn ni pé "ẹ jọ̀ọ́" lè jẹ́ ara eré, ó sì lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ gidi. Ẹ jọ yan ọ̀rọ̀ kan tí kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa sọ ọ́ lórí ibùsùn, bíi "Tákíè", orúkọ àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá ti pe Tákíè, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ má sì bi í léèrè ìdí títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo àwọ̀ iná ojú títì: gíríìnì ni pé kí a máa bá a lọ, yẹ́lò ni pé kí a rọra, pupa ni pé kí a dúró. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó lè ti rẹ̀ ẹ́ ju kí ó ronú kan ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí ohun kan bá bo ẹnu rẹ̀, kí ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Bí ó bá ti jù ú sílẹ̀, pupa nìyẹn.

Ní ti ìdè, aṣọ tó fẹ̀ sàn ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí sísọ́ọ̀sì sì wà nítòsí. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, ẹ ní kí ó na àwọn ìka rẹ̀, kí ó sì gbé ọrùn ọwọ́ sókè. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí ọwọ́ náà bá ń kú, ẹ gé ìdè náà, nítorí pé iṣan tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ lè mú kí ọwọ́ rọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi ẹni tí ẹ dè sílẹ̀ lóun nìkan, kódà bí ẹ bá fẹ́ lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ọrùn rárá: láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn lè dákú, ọpọlọ sì lè bàjẹ́ láìsí àpá kankan. Ẹ má sì rò pé ìfọwọ́sí bo gbogbo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú òfin. Ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fìdí ẹ̀bi àwọn ọkùnrin kan múlẹ̀ lórí ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló gbà.

Lẹ́yìn eré, ẹ fún un lómi, ẹ bò ó láṣọ, ẹ jókòó tì í. Ìrẹ̀wẹ̀sì lè dé bá a ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí ẹ béèrè àlàáfíà ọkàn rẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Ní ti ọjọ́ tí ó sunkún, ẹ bẹ̀ ẹ́ láìṣàlàyé pé eré ni ẹ rò ó sí, kí ẹ sì dá a dúró títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí kò bá sì dá a sílẹ̀ mọ́, ó parí nìyẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì ń kú ní ọjọ́ kejì ìdè, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé dídè ni ẹ dè é; ẹ má ṣe sọ pé ó ṣubú, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò yẹ̀ wò. Dókítà lè ní kí ẹ bọ́ síta kí òun lè bá ìyàwó yín nìkan sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bọ́ síta láìjanpata.