Èékánná oníbàárà di aláwọ̀ ewé: ṣé kí n ṣe é àbí kí n kọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ èékánná ni mò ń ṣe. Oníbàárà mi kan wá lánàá. Bí mo ṣe yọ ákírílíìkì ọwọ́ rẹ̀ tán, mo rí i pé èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Kò dùn ún, kò sì wú. Ó ní òun ní òde lọ́jọ́ Sátidé, kí n ṣáà lẹ òmíràn lé e. Mo kọ̀, ó sì bínú lọ. Ṣé mo ṣe dáadáa? Èwo gan-an ni kí n máa kọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣe dáadáa gan-an ni. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Pseudomonas ló sábà máa ń fa àwọ̀ yẹn. Ibi tó bá lómi ló fẹ́ràn. Bí èékánná àtọwọ́dá bá ti ṣí díẹ̀ lára èékánná gidi, omi á máa há sáàárín wọn, kòkòrò náà á sì ríbi jókòó. Tí ẹ bá lẹ òmíràn lé e, ẹ tún sé e mọ́bẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì fi fáìlì ha àwọ̀ náà, torí ó ti mu wọnú èékánná. Bí ẹ bá ha á, ẹ kàn máa sọ èékánná di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ni. Ẹ gé e kúrú, ẹ má kun nǹkan kan sí i, kó máa gbẹ, kí oníbàárà náà sì lọ rí dókítà. Ẹ tún sọ fún un pé àwọ̀ náà ò ní lọ lójú ẹsẹ̀ bí kòkòrò bá tiẹ̀ kú. Nǹkan bíi mílímítà 3 ni èékánná ọwọ́ ń fi gùn lóṣù, ó sì tó oṣù 6 kí odindi rẹ̀ tó pààrọ̀.

Ní ti èyí tí ẹ máa kọ̀, kò dìgbà tí ẹ bá mọ orúkọ àrùn. Ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ rárá. Èékánná tó nípọn, tó ní àwọ̀ yẹ́lò, tó ń rún lè jẹ́ fọ́ńgáàsì, ó sì lè jẹ́ pé bàtà ló ń fún un. Dókítà fúnra rẹ̀ sábà máa ń gé díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kó tó kọ oògùn.

Ohun tí mo máa ń kọ̀ láìro ó lẹ́ẹ̀mejì ni etí èékánná tó wú, tó gbóná, tó ń dunni tàbí tó lọ́yùn-ún (ìyẹn àkàndùn), egbò tó ṣí sílẹ̀, wọ́nwọ́n, àti èékánná tó ṣí tó sì ń rùn. Ìléròrò kéékèèké tó lómi nínú, tó ṣù jọ lórí ìka, lè ràn yín náà. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n ibi tó wú kì í sábà hàn. Awọ ibẹ̀ kàn lè dúdú sí i ni. Nítorí náà, ẹ gbé ìka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀ ní ọwọ́ kejì, kí ẹ wo èyí tó ń dán, tó sì le. Bí oníbàárà bá ní àtọ̀gbẹ, egbò kékeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti tó láti dáwọ́ dúró, torí ó lè má mọ̀ ọ́n lára, kì í sì í tètè jinná.

Ìlà dúdú gbọọrọ ò ràn ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló sì ní in lórí èékánná bíi mélòó kan. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú náà ti dé awọ ìdí èékánná, ẹ má fi kútẹ́ẹ̀sì bò ó. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Kí oníbàárà náà tètè lọ rí dókítà. Àmì funfun kéékèèké ní tiẹ̀ kì í sábà jẹ́ ìṣòro.

Ẹ rọra sọ ọ́, kí ẹlòmíì má gbọ́: “Mo rí nǹkan kan níbí tí mi ò fẹ́ bò kí dókítà tó wò ó.” Ọ̀pọ̀ ló ń bínú torí ojú ń tì wọ́n.

Tó bá jẹ́ àárín iṣẹ́ lẹ rí i, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ ju fáìlì àti igi tí ẹ lò nù. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ àwọn irin kí ẹ tó rẹ wọ́n sínú oògùn apakòkòrò, torí oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ohun tó dọ̀tí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó bí ara ike rẹ̀ ṣe sọ.