Ṣé bíréékà ámpù 15 lè gbé iná ọ̀gbìn wáàtì 600 méjì nínú ilé ní Amẹ́ríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè gbé méjèèjì, bí kò bá ti sí nǹkan mìíràn tó ń fa iná púpọ̀ lórí bíréékà náà.

Fóólìtì 120 lọ́nà ámpù 15 jẹ́ wáàtì 1,800. Ṣùgbọ́n ohun tó bá máa wà ní títàn fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ lọ, ìyẹn wáàtì 1,440. Iná ọ̀gbìn tí wọ́n ń tàn sí ata rodo nínú ilé nígbà òtútù sì lè wà ní títàn fún wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́. Iná méjèèjì jẹ́ 1,200, ó ku 240 fún fáànù. Hítà wáàtì 1,500 kò lè bá wọn gbé ibẹ̀.

Bíréékà ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá méjì lè wà lórí bíréékà kan ṣoṣo. Wáàtì tí iná ń fà gan-an ni kí ẹ ṣírò, ẹ fi èyí tí páálí ń pariwo sílẹ̀. Bí bíréékà bá ń já, ẹ má fi ti ámpù 20 rọ́pò rẹ̀: wáyà 14 gauge (gauge ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe nípọn tó) tó wà nínú ògiri yóò ti gbóná kí bíréékà tó já. Ibi tí wáyà bá ti jẹ́ 12 gauge, tó nípọn ju 14 lọ, tí bíréékà sì jẹ́ ámpù 20, ààlà náà di wáàtì 1,920.

Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀.