Ẹ má tètè fa ọkọ̀ kúrò lórí àpáta

Ọ̀kun o gbogbo ilé. Ẹni tó bèèrè pé kí ló dé tí àwọn òyìnbó inú Dayspring, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ yẹn, ò kàn fi okùn fa ọkọ̀ wọn kúrò lórí àpáta Jẹ́bà, ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni mí, mo sì ṣiṣẹ́ pẹ́ lọ́kọ̀ ẹrù lórí odò Ọya.

Ọkọ̀ tá a fi kó iṣu àti sìmẹ́ǹtì, lókè Lọ́kọ́ja níbẹ̀, omi ti ń fà nígbà yẹn, a kàn gbọ́ gbàà nísàlẹ̀, ọkọ̀ sì dúró gbagidi. Ni àwọn èrò bá bẹ̀rẹ̀ ariwo, rìfáàsì! rìfáàsì! Bàbá Núpé tó ń tu wá ò tiẹ̀ dá wọn lóhùn, ó ní kí n tọwọ́ bọ abẹ́ pákó wò, àṣé àpáta tó lu ọkọ̀ náà ló ṣì dí ojú ihò yẹn! Tá a bá fà á nígbà yẹn, omi á ya wọlé, ó parí nìyẹn. Ìdákọ̀ró la kọ́kọ́ jù sí apá òkè odò kí ìdí ọkọ̀ má bàa yí, torí tí ìṣàn bá fi lè gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dojú ẹ̀ dé ni, lẹ́yìn náà la wá ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ àwọn apẹja títí tó fi fúyẹ́. Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ bàjẹ́, olówó ẹrù ò sì san kọ́bọ̀ fún wa, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Ti Dayspring wá le ju tiwa lọ. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1857 ni, Dókítà Baikie ni olórí wọn, Àjàyí Crowther náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọjá ìlú Rábà, wọ́n ń gòkè odò níbi tó há láàárín àpáta, ìṣàn borí ẹ́ńjìnnì wọn, ó tì wọ́n lu àpáta. (Ìdídò ti wà ní Jẹ́bà báyìí o, ẹ má fi omi tòní wọn tìgbà yẹn.) Ta ló fẹ́ dúró nínú irú omi bẹ́ẹ̀ fa okùn? Wọ́n sá gorí ilẹ̀, wọ́n pàgọ́, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ọkọ̀ mìíràn, Sunbeam, fi wá kó wọn ní 1858. Glover, ọ̀kan nínú wọn, tó padà wá ṣe gómìnà Èkó, orí ilẹ̀ ló gbà dé Èkó lọ wá nǹkan tí wọ́n máa lò. Ẹni tí okùn lè gbà, ṣé á máa forí la igbó dé Èkó ni?