Nínú àwọn ìwé Twilight, èwo ni kéèyàn kọ́kọ́ kà, ṣé Midnight Sun ni?

Rárá o, Twilight fúnra ẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ jàre. Ó jáde ní 2005, New Moon 2006, Eclipse 2007, Breaking Dawn 2008, bí wọ́n ṣe tò yẹn náà ni kó o ṣe kà wọ́n. Midnight Sun tó dé ní 2020 kì í ṣe ìtẹ̀síwájú, ìtàn ìwé àkọ́kọ́ yẹn náà ni, Edward tó jẹ́ fáńpáyà (ẹ̀dá tó ń mu ẹ̀jẹ̀) ló wá ń sọ ọ́ lẹ́nu tiẹ̀, torí náà ibi tí Bella, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn nínú Twilight, ti rò pé bọ̀bọ́ yẹn kàn kórìíra òun ní kíláàsì báyọ́lọ́jì, àṣé òórùn ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn ló ń dà á láàmú, díẹ̀ ló kù kó pa á. Tó o bá kọ́kọ́ ka ìyẹn, àṣírí ti tú nìyẹn. Ó tún ki gan-an (ó sú mi díẹ̀ láàárín).