Ogun ló kó Àìná, kì í ṣe orí

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 12, ń ka ìtàn àròsọ kan nípa Àìná, ọmọ tí wọ́n mú wá fún Ọbabìnrin Victoria. Ó bi mí pé ṣé orí Àìná ló yàn án bẹ́ẹ̀, àti pé ta ni òun fúnra òun jẹ́. Kí ni kí n sọ? (Bàbá kan, Birmingham)

Èsì: Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má sọ pé orí ni o. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ya wọ Òkè-Ọ̀dàn, ìlú Àìná, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó o lọ sọ́dọ̀ ọba wọn, Gẹ̀zò. Nígbà tó di 1850, Gẹ̀zò fi í lé Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ́wọ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Ìyẹn wá fi orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, kún orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé! Ta ni yóò kúnlẹ̀ yan irú ìyẹn? Èèyàn ló fọwọ́ ṣe é, ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru orí ọmọ kékeré.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọmọkùnrin mi nìyẹn nígbà tí òun náà ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ogun ló kó Àìná. Èmi ńkọ́, ogun wo ló kó mi?" Aṣọ iṣẹ́ alẹ́ ti wà lọ́rùn mi, bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. Mo ní tí mo bá dé, a óò sọ ọ́. Nígbà tí mo dé, kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì mọ orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́. Bó bá ti pẹ́ tí kò pè mí, ìbéèrè yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Kì í ṣe pé a kò fẹ́ kọ́ wọn. Iṣẹ́ òru, owó ilé, owó tí wọ́n ń retí nílé. Ta ló ṣẹ́kù tí yóò máa ki ọmọ láàárọ̀? Àwọn tó ń bú wa kò mọ̀.

Ẹ jọ ka ìwé náà. Ẹ má jẹ́ kó parí sí Windsor, ààfin Ọbabìnrin, lọ́kàn rẹ̀: Àìná fẹ́ Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá kan, ní Brighton ní 1862, ó bá a dé Èkó, ó sì bímọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá yín máa ki í lórí fóònù, bí kò tilẹ̀ yé e. Ní ti irú ẹni tó jẹ́, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi wá síbí fún un, lọ́jọ́ tó bá bèèrè gan-an. Èsì tó bá fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, torí mo ṣì fẹ́ bá tèmi sọ ọ́.