2.5V tó wà lára stepper kì í ṣe iye iná tí ẹ máa fún un

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní stepper (motor tó ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀) NEMA 23 mẹ́ta lẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀rọ CNC, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí yóò máa gé pákó, pé 2.5V àti 2.8A ni wọ́n kọ sí i lára, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ wá power supply oní-3V ni, àbí kí ẹ lo 12V tó wà nílẹ̀. Ẹ má lo ìkankan nínú méjèèjì. 36V ni kí ẹ rà.

Mo mọ̀ pé ó máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìṣirò lásán ni 2.5V yẹn: resistance kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.9 ohm, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 2.8, 2.5 náà ló máa jáde. Ohun tí kọ́ìlì ń gbà nígbà tí motor bá dúró sójú kan nìyẹn. DM542 tí ẹ ní ẹ máa lò, ìyẹn driver tó ń pín iná fún motor, kì í da iná lu kọ́ìlì láìṣọ́ ọ. Ó ń já a, ó ń so ó padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ampere má bàa kọjá iye tí ẹ bá tò fún un. Driver ló ń ṣọ́ ampere. Iṣẹ́ voltage ni pé kí ampere yẹn tètè débẹ̀.

Ibi títètè débẹ̀ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Inductance tí ẹ kọ, ìyẹn bí kọ́ìlì ṣe ń dènà kí ampere tètè yí padà, jẹ́ 2.5mH. Ká tiẹ̀ yọ ti resistance kúrò, kí iná tó gun òkè láti òdo dé 2.8A, 12V máa lò tó 0.6 millisecond. 36V kò ní lò ju 0.2 lọ. Ẹ wá jẹ́ kí motor máa yí ní ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan: ìṣísẹ̀ 200 ló wà nínú yíyí kan, ìyẹn 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, 0.5 millisecond péré ló sì kan ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iná 12V kò tíì dé ibi tó ń lọ tí driver ti ní kó yí padà! Ẹ máa gbọ́ ọ létí. Bó bá ń rìn jẹ́jẹ́, á máa kùn dáadáa. Bí ẹ bá ti ní kó sáré, á han gooro, ọ̀pá skúrù á dúró gbagidi, kọ̀ǹpútà á sì máa rò pé ó ń lọ. Pákó bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn kan tí mo mọ̀ lọ ra motor tó tóbi jù nítorí èyí, kò sì yàtọ̀, torí inductance ti ńlá yẹn tún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó níbi tó yẹ kí voltage mọ, ṣá. Ìlànà tí àwọn Geckodrive, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe driver, máa ń fún èèyàn ni pé kí ẹ wá square root inductance ní mH, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 32. Tiyín á fún yín ní nǹkan bí 50V, ibẹ̀ náà sì ni agbára DM542 parí sí. Ẹ lè wá ní kí ẹ ra 48V. Èmi ò ní fọwọ́ sí i. Bí ẹrù tó ń sáré bá dúró lójijì, motor á di jẹnẹrétọ̀, á dá iná padà sínú driver. Mo ti tú irú driver bẹ́ẹ̀ tó kú wò, capacitor ẹnu ọ̀nà iná rẹ̀ ti wú bọ̀kọ̀tọ̀. 36V fi àyè sílẹ̀ fún un.

17A tí ẹ ṣírò fún power supply ti pọ̀ jù. Watt ló ń wọlé tó ń jáde: ampere díẹ̀ ló ń wọ driver ní 36V, òun ló ń sọ ọ́ di ampere púpọ̀ ní voltage kékeré fún kọ́ìlì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 2.8A fún motor kan ti tó, ìyẹn bíi 5.6A fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Power supply 36V oní-350W ń fúnni ní 9.7A, ó tó, ó ṣẹ́kù. Bí ó bá ní súìṣì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wò ó kí ẹ tó fi iná sí i. Bó bá wà ní 115, iná tiwa yìí máa bà á jẹ́ lójú ẹsẹ̀. 230 ni kó wà.

Lára driver, ẹ to súìṣì kéékèèké sí 2.84A peak. Àtẹ rẹ̀ wà lára driver fúnra rẹ̀, ẹ kà á dáadáa, nítorí peak (ibi tí ampere ga dé) àti RMS (iye rẹ̀ tó kéré sí peak, tó dúró fún agbára rẹ̀ lápapọ̀) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ to SW4 kó máa dín iná kù sí ìdajì nígbà tí motor bá dúró. Ẹ wá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan. Bí motor bá gbóná débi pé ọwọ́ ò lè pẹ́ lára rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ wọn lè dé 80°C láìsí nǹkan. Àfi bó bá jẹ́ pé ike lẹ fi dè é mọ́ ara ẹ̀rọ, torí ike á rọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi súìṣì driver dín ampere kù ní ipele kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ wáyà motor nígbà tí iná bá wà lórí driver, ì báà ṣe ẹyọ kan. Ẹ pa á, kí ẹ dúró títí iná kékeré ara rẹ̀ á fi kú, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.